Bí Ẹ Ṣe Lè Dá Ẹgbẹ́ Ọ̀dọ́ Tó Ń Pàdé Lẹ́yìn Ìjáde Ilé Ẹ̀kọ́ Sílẹ̀

Àwọn ọmọ fúnra wọn ni kí ẹ kọ́kọ́ bi léèrè, kí ẹ tó bi òbí wọn. Ẹ fún ọmọ kọ̀ọ̀kan ní bébà pélébé, kí ó kọ ohun mẹ́ta tó wù ú láti mọ̀ ọ́n ṣe, láìkọ orúkọ rẹ̀ sí i. Ẹyọ kan péré ni kí ẹ mú nínú èyí tó bá pọ̀ jù. Ẹgbẹ́ tó bá ń lé eré orí ìtàgé, bọ́ọ̀lù àti kọ̀ǹpútà pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà kì í pẹ́ tú ká.

Lẹ́yìn náà, ẹ lọ bá ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ tàbí àwọn tó ń bójú tó gbọ̀ngàn àdúgbò, kí ẹ jọ fẹnu kò lórí yàrá, ọjọ́, wákàtí, àti ọwọ́ ẹni tí kọ́kọ́rọ́ máa wà. Ọ̀rọ̀ kọ́kọ́rọ́ yẹn kì í ṣe kékeré o. Bí àwọn ọmọ bá bá ilẹ̀kùn ní títì lẹ́ẹ̀mejì, ọ̀pọ̀ wọn ò ní padà wá.

Ti ààbò kò ṣeé sún síwájú. Kí àgbàlagbà méjì, ó kéré tán, máa wà níbẹ̀ nígbà gbogbo, kí ẹnikẹ́ni má sì dá wà pẹ̀lú ọmọ kan ṣoṣo níbi tí ojú ò tó. Ẹ wádìí ẹni tó bá fẹ́ yọ̀ǹda ara rẹ̀ dáadáa, ì báà jẹ́ ọ̀rẹ́ yín. Ẹ gba ìwé ìyọ̀ǹda lọ́wọ́ òbí. Ohun tó gbọ́dọ̀ wà nínú rẹ̀ ni nọ́ńbà fóònù méjì, oúnjẹ tàbí oògùn tí ara ọmọ náà kì í gbà, àti orúkọ ẹni tó lè wá mú un lọ sílé.

Ó wá ku ìpàdé àkọ́kọ́. Ká ní chess ni wọ́n yàn. Kí pátákó ti wà lórí tábìlì kí wọ́n tó dé. Ẹ má kó gbogbo ọmọ ayò 32 síwájú ẹni tí kò ta á rí. Pawn, ìyẹn àwọn ọmọ ayò tó kéré jù, nìkan ni kí ẹ fi sílẹ̀, mẹ́jọ níhìn-ín, mẹ́jọ lọ́hùn-ún: ẹni tí tirẹ̀ bá kọ́kọ́ dé òpin pátákó ló jáwé olúborí. Bí ọmọ bá ti ta ìyẹn lẹ́ẹ̀mejì, ó ti mọ bí pawn ṣe ń rìn àti bó ṣe ń pa, ó sì ti jẹ tàbí kó ti pàdánù kó tó lọ sílé. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ẹ fi ọba kún un. Bó bá sì jẹ́ kọ̀ǹpútà ni wọ́n yàn, ẹ lo Scratch, ètò tí ọmọdé fi ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe eré àti àwòrán tó ń rìn lórí kọ̀ǹpútà, tí wọ́n ṣe ní yunifásítì MIT ní Amẹ́ríkà, tó jáde lọ́dún 2007. Ọ̀fẹ́ ni, ó sì ń ṣiṣẹ́ láìsí íntánẹ́ẹ̀tì bí ẹ bá ti gbé e sórí kọ̀ǹpútà.

Nígbà tí Robert Baden-Powell, ẹni tó dá ẹgbẹ́ Scout sílẹ̀, kó àwọn ọmọkùnrin lọ pàgọ́ ní erékùṣù Brownsea ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1907, ọ̀wọ́ mẹ́rin ló pín wọn sí, ó sì fi ọmọ ṣe olórí ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀. Kí ọmọ kan máa kọ orúkọ àwọn tó wá, kí òmíràn máa ṣọ́ aago. Iṣẹ́ kíkí àlejò káàbọ̀ ló ṣe pàtàkì jù lójú tèmi, ọmọ tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ ni màá sì gbé e fún, nítorí ó mọ bó ṣe ń rí lára ẹni tí kò mọ ẹnikẹ́ni.

Bí ọmọ kan ò bá wá lẹ́ẹ̀mejì léra, ẹ pe òbí rẹ̀, ẹ má sì fi ṣe ẹ̀sùn. Ó lè jẹ́ pé kò sí ẹni tó máa mú un relé ní wákàtí yẹn. Bó bá jẹ́ ìyẹn ni, ẹ yí wákàtí padà.