Ìwé tó ní "màlúù 23", tí kò sì sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ

Iṣẹ́ wa ni ká máa tọ́jú ẹran tí ọlọ́pàá bá gbà sílẹ̀ lójú ọ̀nà. Oṣù 4 gbáko la fi bọ́ màlúù 23 tí wọ́n gbà lọ́wọ́ onífàyàwọ́, kí adájọ́ tó ní ká dá wọn padà fún un. Iye ẹran nìkan ló wà nínú ìwé tí wọ́n kọ lójú ọ̀nà. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni agbẹjọ́rò rẹ̀ bi wá: kí ló fi hàn pé àwọn tó wà lọ́gbà yín ni wọ́n bá nínú ọkọ̀? A ò ní èsì. Ó ń dùn mí títí dòní, torí odò ẹran ni wọ́n ti ń kó wọn lọ tẹ́lẹ̀.

Nígbà tí wọ́n mú ọkọ̀ mìíràn, ìwé ni mo gbájú mọ́. Bí a ṣe ń pe ọlọ́pàá àti bí a ṣe ń wá ọgbà, ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ yìí ti mọ̀ ọ́n. Kí wọ́n tó ṣí ẹ̀yìn ọkọ̀, mo ya àwòrán nọ́ńbà rẹ̀, mo sì wọn inú rẹ̀: mítà 6 ní gígùn, 2.3 ní fífẹ̀. Màlúù 19 ló há síbẹ̀, kò pé mítà onígun mẹ́rin 0.73 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Òfin Yúróòpù ti 2005 lórí kíkó ẹran kò gbà kó dín ní 0.95 fún màlúù tó wọn kílò 325. Ní Íńdíà, òfin 1978 ní màlúù 6 ni ọkọ̀ ẹrù kan gbọdọ̀ kó mọ.

Ibi tó ti dá wa dúró ni nọ́ńbà etí, ìyẹn àmì tó ní nọ́ńbà tí wọ́n ń kàn mọ́ etí ẹran. Ọlọ́pàá tó ń kọ̀wé fẹ́ kọ "màlúù 19", kó fọwọ́ sí i, kó máa lọ. Dókítà ẹran kò mú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lu etí wá. Mo ní mi ò gba ẹran láìní nọ́ńbà, a sì fi wákàtí 5 dúró de ẹ̀rọ. Inú bí mi, torí ohun tó yẹ kó wà nínú àpò dókítà ni.

Ẹran ò lè dúró de ìwé ṣá. A sọ̀ wọ́n, a fún wọn lómi díẹ̀díẹ̀: nǹkan bí lítà 2 ní wákàtí kan fún èyí tó wọn kílò 400. Ẹran tí òùngbẹ ti ń gbẹ fún ọjọ́ púpọ̀, tó bá mu àmuyó lẹ́ẹ̀kan, omi lè mú ọpọlọ rẹ̀ wú. Koríko gbígbẹ la fi bọ́ wọn. Ọkà á kan mọ́ ọn nínú.

Nígbà tí ẹ̀rọ dé, agbedeméjì etí la lu, láàárín egungun rírọ̀ méjì, ká má bàa gún iṣan ẹ̀jẹ̀. A kọ nọ́ńbà, akọ tàbí abo, àwọ̀, bí ìwo ṣe rí, egbò, àti eyín: màlúù tó ti pààrọ̀ eyín iwájú 2 ti tó nǹkan bí ọmọ ọdún 2. Lẹ́yìn náà la ya àwòrán imú. Ìlà imú màlúù kì í jọra, bí ìtẹ̀ka ènìyàn ni. Ẹ nù ún gbẹ kẹ́ ẹ tó yà á; àwòrán 7 la tún yà torí pé imú tútù ń dán. Wọ́n lè yọ nọ́ńbà kúrò létí, wọn ò lè pààrọ̀ imú.

Lọ́jọ́ ẹjọ́, wọ́n tún bi wá ní ìbéèrè ọjọ́sí. Mo tẹ́ àwòrán imú 19 sílẹ̀ níwájú adájọ́, ó sì fi ẹran sílẹ̀ lọ́wọ́ wa. Orí mi wú.

Bí mo bá tún un ṣe, ẹ̀rọ nọ́ńbà etí tèmi ni màá gbé lọ. Màá sì tètè ṣí ìwé fún ikú àti ìbí: èyí tó bá kú, ẹ má sin ín kí dókítà tó yẹ̀ ẹ́ wò pẹ̀lú nọ́ńbà létí, ọmọ tí abo bá bí lọ́gbà, ẹ fún un ní nọ́ńbà tirẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an, kẹ́ ẹ kọ ti ìyá rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ.