Ẹ yẹ nọ́ńbà tókúnbọ̀ yín wò

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará Adó. Ẹni tó bá ra tókúnbọ̀ Amẹ́ríkà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo abẹ́ gíláàsì iwájú lápá òsì: lẹ́tà àti nọ́ńbà 17 wà níbẹ̀, òun ni VIN, nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọkọ̀ náà. Ẹ tẹ̀ ẹ́ sí nhtsa.gov/recalls, ojú ìwé àjọ ààbò ojú pópó Amẹ́ríkà, ọ̀fẹ́ ni. (Kò ní lẹ́tà O, òdo ni.) Tí “recall” (pé wọ́n ń pe ọkọ̀ náà padà láti tún àléébù rẹ̀ ṣe) bá yọ, ẹ̀mí ló wé mọ́ ọn, ẹ kàn sí aṣojú ilé iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ náà. Áábàágì (àpò tó ń wú láti dáàbò bo èèyàn nígbà ìjàǹbá) tí ilé iṣẹ́ Takata ṣe ló ń bà mí lẹ́rù jù: ooru àti ọ̀rinrin ń ba ohun tó ń mú un wú jẹ́, tó bá bú, irin ló ń fọ́n sójú èèyàn. Ooru tiwa níbí ńkọ́? “Service bulletin” ní tiẹ̀ kì í ṣe recall, ìtọ́ni àtúnṣe láti ilé iṣẹ́ ọkọ̀ fún mẹkáníìkì ni. Ẹ fi han mẹkáníìkì tiyín kó tó tú ẹ́ńjìnnì.