Bí A Ṣe Ń Fi Ohùn Tan Ẹtu Jáde

Ẹni tó bá ń lé ẹtu kiri inú igbó, ariwo ewé gbígbẹ lásán ni yóò lé bá. Ohun tó dáa ni kí ẹ jókòó, kí ẹ ké igbe ẹtu tó wà nínú ìdààmú, kó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Ohùn ni ọ̀pọ̀ ọmọ ọdẹ máa ń dánra wò ṣáá, bẹ́ẹ̀ afẹ́fẹ́ ló sábà máa ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́.

Ẹ lọ láàárọ̀ kùtù títí di nǹkan bí aago 9, tàbí lẹ́yìn aago 4 ìrọ̀lẹ́. Ẹ wá ibi tí ìyeyè tàbí òro ti ń já sílẹ̀, tí ìgbẹ́ ẹtu ṣì dúdú, tó ń dán. Bí ó bá ti gbẹ, ẹ kọjá.

Ẹ di eérú díẹ̀ sápò. Tí ẹ bá débẹ̀, ẹ fi ìka méjì bù ú, ẹ jẹ́ kó máa dà sílẹ̀ láti ìwọ̀n àyà yín. Ibi tó bá fẹ́ sí ni òórùn yín ń lọ. Ẹ kọjú sí ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń bọ̀, kí ẹ sì fẹ̀yìn ti gbòǹgbò àràbà tó yọ sókè bí ògiri, torí ẹtu tó gbọ́n a máa yípo gba ẹ̀yìn kó lè gbóòórùn yín kó tó yọjú. Iwájú yín gbọ́dọ̀ mọ́ tó mítà 10 sí 15. Kí ìbọn ti wà lórí eékún kí ẹ tó lanu. Bí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbé e lẹ́yìn tí ẹran yọ, ó ti lọ nìyẹn.

Ẹ fi àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá fún imú pa, ẹ la ẹnu díẹ̀, ẹ ti ohùn gba imú: “nyẹ́ẹ̀ẹ̀”. Kó tínrín, kó ga níbẹ̀rẹ̀, kó rẹlẹ̀ níparí. Ẹ ké e lẹ́ẹ̀mẹrin tàbí márùn-ún, kí ẹ wá panu mọ́ fún ìṣẹ́jú 3. Ìgbà tẹ́ ẹ dákẹ́ yẹn gan-an ni kí ẹ máa wo abẹ́ ewé. Ẹni tó ń ké láìsinmi, ibi tó jókòó ló ń júwe fún ẹran. Bí ìṣẹ́jú 15 bá kọjá láìsí nǹkan, ẹ sún síwájú tó mítà 300. Ẹtu tó ti jẹ́ ìpè tó sì bá èèyàn níbẹ̀ kì í tètè gbà mọ́, nítorí náà ẹ má máa pe ojú kan náà lójoojúmọ́.

Igbe yìí lè fa abo tó lọ́mọ jáde. Ẹ má fi ìwo dá a mọ̀, abo náà lè ní in. Ọmú ni kí ẹ wò, kí ẹ sì wo ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá ọmọ ń tẹ̀lé e. Bí bẹ́ẹ̀ bá ni, ẹ jẹ́ kó lọ.

Èyí tó léwu jù: ọdẹ mìíràn lè gbọ́ yín kó rò pé ẹtu ni. Ní Amẹ́ríkà, àwọn tó ń fi ère àgbọ̀nrín tan àgbọ̀nrín máa ń fi aṣọ aláwọ̀ ọsàn bo ère náà bí wọ́n bá ń gbé e kiri. Ẹ̀yin náà, ẹ so aṣọ pupa mọ́ igi lókè orí yín. Ẹtu kì í fi bẹ́ẹ̀ dá pupa mọ̀ yàtọ̀ sí ewé, èèyàn ló máa rí i. Kí ẹ jọ pín igbó kí ẹ tó wọlé, kí ẹnì kankan má sì yìnbọn sí ohùn tàbí ewé tó mì. Bó bá jẹ́ igbó ọba ni, irú Àkúrẹ́-Ofosu tàbí ti Ọ̀wọ̀, ẹ kọ́kọ́ gba àṣẹ lọ́wọ́ àwọn aṣọ́gbó.