Páálí fọ́tò tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì Màmá: bí a ṣe ń tọ́jú ẹ̀ bíi ti ilé ìṣẹ̀ǹbáyé

Ilé tí ò ní páálí fọ́tò lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì Màmá ò pọ̀ nílẹ̀ Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ, ẹ dé Ìjẹ̀bú-Òde o, ẹ dé Ìpẹru o, bákan náà ni. Inú ẹ̀ náà lẹ máa ti rí sísì àti tọ́rọ́ àtijọ́, rìsíìtì owó-orí Bàbá, ìwé ẹgbẹ́, àti kọ́kọ́rọ́ tí ò sẹ́ni tó mọ àpótí ẹ̀ mọ́. Ọjọ́ tí Màmá bá kú tí wọ́n fẹ́ kun ilé fún ìnáwó, ẹ̀yìnkùlé ni gbogbo ẹ̀ ń lọ, wọ́n á ṣáná sí i. Ó máa ń dùn mí gan-an, torí iṣẹ́ táwọn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ń ṣe, a lè ṣe èyí tó pọ̀ nínú ẹ̀ ní pálọ̀ wa, owó ẹ̀ ò sì tó owó aṣọ Ojúde Ọba.

Ẹ má tíì nu nǹkan kan o, orúkọ lẹ máa kọ́kọ́ bèèrè. Ibí yìí lọ̀pọ̀ èèyàn ń fò, wọ́n á sáré lọ ra férémù. Ìwé àkọsílẹ̀ ló mú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé yàtọ̀ sí ìsọ̀ àwọn tó ń ta àlòkù. Ẹ jókòó ti Màmá láàárọ̀ tí ara wọn ṣì yá, ẹ tan rẹ́kọ́dà fóònù, kẹ́ẹ máa mú fọ́tò yẹn lọ́kọ̀ọ̀kan. "Màmá, ta nìyí?" nìkan ò tó. Ẹ bi wọ́n pé níbo ni, ìnáwó ta ni, ta ló yà á, irú aṣọ wo lẹ wọ̀ yìí. Aṣọ yẹn ṣe pàtàkì lọ́dọ̀ tiwa nítorí rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn tí ọjọ́ orí wọn jọ sún mọ́ra, tí Màmá bá ti lè sọ pé aṣọ ẹgbẹ́ báyìí-báyìí ni, ẹ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ ọjọ́ orí gbogbo àwọn tó tò síbẹ̀ nìyẹn. Tí Màmá bá ní Ìyá Ràṣí ni, tí àbúrò wọn ní rárá o, ìyàwó kejì ni, ẹ má bá wọn dá a, ẹ kọ méjèèjì sílẹ̀, kẹ́ẹ kọ orúkọ ẹni tó sọ ọ́ síwájú ẹ̀. Tó bá jẹ́ fọ́tò ìbejì, ẹ bèèrè dáadáa, torí nígbà kan tí ọ̀kan bá ti kú, onífọ́tò lè tẹ àwòrán èyí tó kù lẹ́ẹ̀mejì sórí ìwé kan, kó dà bíi pé àwọn méjèèjì jókòó ti ara wọn.

Tí ò bá sẹ́ni tẹ́ẹ lè bi mọ́, fọ́tò fúnra ẹ̀ á sọ díẹ̀. Tí mọ́tò bá ń gba ọwọ́ òsì lójú títì, ó ti ṣáájú ọjọ́ 2 oṣù kẹrin 1972, ọjọ́ yẹn la yí sí ọwọ́ ọ̀tún ní Nàìjíríà. Àmọ́ ẹ kọ́kọ́ wo bọ́ọ̀dù ṣọ́ọ̀bù tó bá wà nínú ẹ̀, tí lẹ́tà ibẹ̀ bá kọ ẹ̀yìn síwájú, onífọ́tò ló yí fíìmù dà. Ẹ wo ẹ̀yìn ẹ̀ náà: tó bá jẹ́ ṣílè ni wọ́n fi kọ owó ẹ̀, ó ti ṣáájú 1973 tí náírà dé, tí òǹtẹ̀ bá sì ní Western State, ìyẹn ti ṣáájú 1976 tí wọ́n dá ìpínlẹ̀ Ògùn sílẹ̀. Ẹ má gba òǹtẹ̀ gbọ́ tán ṣá, onífọ́tò wo ló fẹ́ ju òǹtẹ̀ tó ṣì ń tẹ̀ nù?

Lẹ́yìn ìyẹn ló kan nọ́ńbà. Ẹ fi ọdún tẹ́ẹ ń kọ ọ́ sílẹ̀ ṣáájú, kì í ṣe ọdún tí wọ́n yà á, bíi 2026.1, 2026.2, kẹ́ẹ kọ ọ́ sínú nótúbúùkù pẹ̀lú gbogbo àlàyé Màmá. Pẹ́ńsù rírọ̀ lẹ máa fi kọ nọ́ńbà sẹ́yìn fọ́tò, létí ẹ̀, fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́. Báírò máa ń yọ síwájú, yíǹkì ẹ̀ sì máa ń ràn. Àwọn fọ́tò kọ́lọ̀ tí ẹ̀yìn wọn ń dán, pẹ́ńsù ò ní mú un, ẹ fi wọ́n sínú ẹ́ńfílóòpù kẹ́ẹ kọ nọ́ńbà sára ẹ́ńfílóòpù kó tó wọlé.

Tẹ́ẹ bá fẹ́ nù ún, búrọ́ṣì rírọ̀ tó gbẹ nìkan, láti àárín bọ̀ sétí. Kò sí omi, kò sí sípíríìtì, ẹ sì jọ̀ọ́, kò sí itọ́, mo mọ ohun tí mò ń sọ. Èyí tó bá ti lẹ̀ mọ́ gíláàsì férémù, ẹ má fà á, ojú fọ́tò yẹn ni gíláàsì máa mú lọ. Ẹ yà á bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú gíláàsì ẹ̀. Èyí tó ti bu, ẹ gbé e síta lábẹ́ ibòòji, ẹ fi nǹkan bo imú, jẹ́ kó gbẹ kẹ́ẹ tó fi búrọ́ṣì kàn án.

Fóònù tó ní kámẹ́rà tó dáa ti tó láti fi yà á. Ẹ tẹ́ ẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ẹ pa fíláàṣì, kẹ́ẹ ya iwájú àti ẹ̀yìn. Àwọn kọ́lọ̀ tó ti ń pọ́n rẹ́súrẹ́sú ni kẹ́ẹ kọ́kọ́ yà, torí kódà nínú òkùnkùn, àwọ̀ wọn ń lọ ni. Tẹ́ẹ bá fẹ́ fi ránṣẹ́ sáwọn ará Èkó lórí WhatsApp, bíi document ni kẹ́ẹ fi ránṣẹ́, tí kò bá rí bẹ́ẹ̀ wọ́n á fún un pọ̀, ojú àwọn èèyàn tó wà lẹ́yìn ò ní hàn mọ́.

Nílé tiwa tí òjò ń rọ̀ yìí, ọ̀rinrin lọ̀tá. Ẹ má fi náílọ̀n di fọ́tò pa, ẹ má fi ìwé ìròyìn wé e, ẹ yọ rọ́bà, píìnì àti sẹlotéèpù kúrò. Ẹ́ńfílóòpù ìwé funfun, páálí tó le, inú wọ́dúróòbù yàrá tí oòrùn kì í kan, kó má kan ilẹ̀, kó má sì sí lókè àjà. Ẹ máa ṣí i wò léraléra, aáyán àti ikán kì í sọ fúnni kí wọ́n tó dé.

Ẹrù tó kù ò le tó bẹ́ẹ̀. Onínì, eépìnnì àti kọ́bọ̀ oníhò yẹn, ẹ má fi ọsàn wẹ́wẹ́ àbí eérú bó wọn, àwọn tó ń ra owó àtijọ́ kì í fẹ́ èyí tí wọ́n ti bó. Abọ́ tánganran, ẹ má fi kànrìnkàn onírin fọ̀ ọ́. Àwo orin Haruna Ishola, olórin àpàlà, ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó, ẹ tò ó lóòró. Àwọn àwo orin àtijọ́ tó wúwo, tó sì ń fọ́ bíi gíláàsì, sípíríìtì máa ń yọ́ wọn, ẹ má dán an wò. Ìtàgbé, aṣọ híhun táwọn olóyè ń fi sí èjìká, ẹ ká a róbótó dípò kẹ́ẹ máa ṣẹ́ ẹ lójú kan náà.

Tẹ́ẹ bá wá rí ẹdan Òṣùgbó, ìyẹn ère idẹ ẹgbẹ́ awo àwọn àgbà, nínú àpótí Bàbá, ẹ gbé ọwọ́ kúrò, ẹ má gbé e sórí Facebook, ẹ lọ pe àwọn àgbà ilé. Ẹni tó bá sì wá sílé yín tó ní òun máa ra ère àtijọ́ lọ sókè òkun, òfin ò gbà á láìjẹ́ pé àjọ tó ń rí sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní Nàìjíríà fún un níwèé.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ gbé díẹ̀ fún yunifásítì tàbí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, ẹ kọ gbogbo nọ́ńbà ẹ̀ sórí ìwé méjì, kí ẹ̀yin àtàwọn jọ bu ọwọ́ lù ú, kẹ́ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ bóyá ẹ ta á lọ́rẹ ni àbí ẹ kàn fi pamọ́ sọ́dọ̀ wọn, kẹ́ẹ mú ọ̀kan dání kẹ́ẹ tó kúrò níbẹ̀.