Bí ẹ ṣe lè yẹ owó oṣù yín wò, kí ẹ sì gba èyí tó kù

Ìwé owó oṣù ni mo fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ nílé-iṣẹ́ aládàáni l'Abẹ́òkúta, ìdí nìyẹn tí àwọn ọmọ tó ń ṣiṣẹ́ ní Kútọ̀ àti Láfẹ́ńwá fi máa ń wá bá mi pé, "Mọ̀mí, ẹ bá mi wò ó, ṣé owó mi pé?"

Mo máa ń kọ́kọ́ bi wọ́n pé, ẹ̀yin mélòó lẹ wà níbẹ̀? Láti oṣù keje ọdún 2024, ₦70,000 ni owó oṣù tó kéré jù lábẹ́ òfin, àmọ́ òfin náà kò de ilé-iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò bá tó 25, kò sì kan ẹni tó ń gba kọmíṣọ̀n. ₦77,000 tí ẹ ń gbọ́ láti Òkè-Mosàn, níbi tí ọ́fíìsì gómìnà wà, ti òṣìṣẹ́ ìjọba Ìpínlẹ̀ Ògùn ni. Nítorí náà, ẹ ka ara yín dáadáa, ẹ má yọ awakọ̀ àti ẹni tó ń gbálẹ̀ sílẹ̀. Bí ẹ bá pé 25, ìwé tí ẹ fọwọ́ sí pé ₦40,000 lẹ ó máa gbà kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀.

Èyí tó ń dùn mí jù ni owó tí wọ́n ń yọ. Ọmọ pẹ́ dé, wọ́n yọ owó. Ọjà dín, wọ́n pín gbèsè náà sórí gbogbo àwọn tó ń tajà. Òfin iṣẹ́ kò gba agbanisíṣẹ́ láàyè láti bu owó ìtanràn lé òṣìṣẹ́. Bí òṣìṣẹ́ bá tiẹ̀ fi àìbìkítà ba nǹkan jẹ́, ó dìgbà tí aláṣẹ ìjọba tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ iṣẹ́ bá fọwọ́ sí i kí ọ̀gá tó yọ kọ́bọ̀. Gbogbo ohun tí wọ́n bá yọ lóṣù kan kò sì gbọ́dọ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́ta owó náà lọ: lórí ₦70,000, kò gbọ́dọ̀ kọjá ₦23,333.

Ẹ ra ìwé kékeré kan. Ẹ máa kọ ìgbà tí ẹ dé, ìgbà tí ẹ lọ, iye tó yẹ kí ẹ gbà, iye tó wọlé, àti ìdí tí wọ́n sọ pé àwọn fi yọ ọ́. Ẹ má pa àlẹ́ẹ̀tì báńkì rẹ́. Ẹ bèèrè ìwé ìgbanisíṣẹ́ pẹ̀lú. Kó tó pé oṣù mẹ́ta tí ẹ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ló yẹ kó tẹ̀ yín lọ́wọ́.

Nígbà tí ẹ bá fẹ́ bèèrè, ẹ má dá nìkan lọ. Ní 1945, nígbà tí ọjà wọ́n gógó, ìyanṣẹ́lódì gbogbogbòò ni Michael Imoudu, olórí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ rélùwéè, àtàwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè àti ti ìjọba fi béèrè fún àfikún owó. Òfin kò gbà kí wọ́n lé yín torí pé ẹ wọ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́. Ẹ kọ lẹ́tà ní ẹ̀dà méjì, kí ẹni tó gbà á buwọ́ lu tiyín, kó sì kọ déètì sí i.

Bí wọn ò bá dáhùn, ẹ lọ sí ọ́fíìsì ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́. Ẹ̀dà ìwé yín ni kí ẹ fún wọn. Kí ojúlówó rẹ̀ wà lọ́wọ́ yín, torí Ilé-ẹjọ́ Òṣìṣẹ́ (National Industrial Court) lè béèrè rẹ̀.