Àgbo lẹ́yìn CS: ibi tá a ti máa ń ṣì í ṣe

Mi ò bá ewé jà o. Ilé tí wọ́n ti ń se àgbo ni wọ́n ti tọ́ mi dàgbà, bí ibà bá mú mi lónìí, dóńgóyárò lọkàn mi máa kọ́kọ́ lọ sí. Àmọ́ nǹkan kan wà tá a kì í rò: àgbo ìyá ìkókó táwọn ìyá wa mọ̀ ọ́n sè yẹn, ẹni tó kúnlẹ̀ bímọ ni wọ́n ń sè é fún. Kò sí èyí tí wọ́n sè fún inú tí wọ́n fi abẹ là gbé ọmọ jáde (CS) tí wọ́n tún rán padà. Awọ òkè lè jiná láàárín ọ̀sẹ̀ méjì kéèyàn máa rò pé ó ti tán, inú lọ́hùn-ún ṣì wà lẹ́nu ẹ̀, ó kéré tán ọ̀sẹ̀ mẹ́fà.

Omi ewé gbígbóná ni mo fẹ́ kọ́kọ́ sọ, torí ó ṣẹlẹ̀ sí mi. Ọjọ́ kẹta tí mo délé lẹ́yìn CS àkọ́kọ́ mi, màmá ọkọ mi ti gbé ìkòkò kaná láti ìdájí, ewé ń hó, wọ́n ki táwẹ̀lì bọ̀ ọ́, wọ́n fún un, ooru ń rú lára ẹ̀. Wọ́n ní, "Ìyàwó mi, sùn gbalaja, jẹ́ n bá ẹ te ikùn yẹn kí ẹ̀jẹ̀ burúkú lè jáde." Mo ní, "Màmá, wọ́n rán ibẹ̀ o." Wọ́n ní, "Ṣé mi ò mọ̀ pé wọ́n rán an ni?" Ká má parọ́, torí mi ò fẹ́ ìjà ni mo ṣe dùbúlẹ̀. Ọwọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ gbé lé e, mo ké débi pé ọmọ tó ń sùn ta jí.

Ẹ má ṣe é. Títẹ ikùn lè já ibi tí wọ́n rán, omi ewé tó sì ń ṣàn sójú ọgbẹ́, kòkòrò àìsàn ló ń bá wọlé. Èyí tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀ ni pé ibi tí wọ́n gé yẹn máa ń kú, ara ibẹ̀ kì í mọ nǹkan fún ìgbà pípẹ́, omi á ti bó èèyàn kó tó mọ̀. Ẹ̀jẹ̀ burúkú ọ̀hún ńkọ́? Ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn ìbímọ máa ń jáde fúnra ẹ̀, ó lè tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, CS ni o, àbíwẹ́rẹ́ ni o. Ẹnikẹ́ni ò ní láti fún un jáde bí ẹni ń fọ ewúro.

Àṣìṣe tó burú jù lójú tèmi ni kéèyàn máa da àgbo pọ̀ mọ́ oògùn ọsibítù láìsọ fún dókítà. Ẹ wo bí ìyá alágbo ṣe máa ń béèrè, "Olómi àbí ọlọ́tí?" Ọlọ́tí yẹn, ògógóró ni wọ́n fi rẹ egbò igi náà, bẹ́ẹ̀ Flagyl, oògùn apakòkòrò, máa ń wà nínú oògùn tí wọ́n fún ẹni tó ṣe CS, wọ́n sì ti máa ń kìlọ̀ pé kéèyàn má fọtí kàn án. Ọtí yẹn náà tún ń lọ sínú ọmú. Diclofenac tí wọ́n fún yín fún ìrora ti lè yọ kíndìnrín lẹ́nu tẹ́lẹ̀, ẹ tún wá gbé àgbo tẹ́ ò mọ ohun tó wà nínú ẹ̀ lé e. Aáyù, atalẹ̀ àti atalẹ̀ pupa tí wọ́n lọ̀ pọ̀ tẹ́ ẹ̀ ń mu ní kọ́ọ̀bù kọ́ọ̀bù ńkọ́, ẹni tí wọ́n ń fún lábẹ́rẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ má bàa dì, ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ lè máa dà ṣáá (èyí tẹ́ ẹ gé sínú ọbẹ̀ ò ní wàhálà). Ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru (BP), ẹ jọ̀ọ́ ẹ má torí àgbo já oògùn yín sílẹ̀, gìrì aboyún ṣì lè gbé èèyàn lẹ́yìn tó ti bímọ tán.

Àgbo jẹ̀dí náà, àwọn kan máa ń mu ún torí kí ikùn lè wọlẹ̀, tàbí torí pé ìgbẹ́ ò jáde. Ìgbẹ́ gbuuru á bẹ̀rẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹjọ lẹ máa dìde lórí bẹ́ẹ̀dì lọ́jọ́ kan pẹ̀lú ikùn rírán, omi ara á gbẹ, òòyì á máa kọ́ yín. Omi, ẹ̀kọ gbígbóná, ìbẹ́pẹ tó pọ́n, kẹ́ ẹ sì máa rìn díẹ̀díẹ̀ nínú ilé, ó tó.

Ojú ọgbẹ́: kò sí àdí, kò sí eérú, kò sí ewé gígún, kò sí oyin inú ìgò ọjà. Ọmọ náà, ọmú nìkan fún oṣù mẹ́fà, kò sí ṣíbí àgbo, oyin sì di ẹ̀yìn ọdún kan.

Àwọn kan á ní, "Èyí ní nọ́ńbà NAFDAC." Ẹ yí ìgò ọ̀hún padà kẹ́ ẹ ka lẹ́tà kékeré ẹ̀, wọ́n sábà máa ń kọ ọ́ síbẹ̀ pé NAFDAC ò tíì ṣàyẹ̀wò bóyá ó ń wo ohun tí wọ́n ní ó ń wò.

Tí ọgbẹ́ bá ń ṣọyún tàbí ó ń rùn, tí ara bá gbóná, tí páàdì kan ń kún láàárín wákàtí kan, tí ẹsẹ̀ kan ṣoṣo wú, tí èémí ò já gaara, tí orí ń fọ́ tí ojú sì ń ṣú, ọsibítù lójú ẹsẹ̀, kì í ṣe ọ̀dọ̀ alágbo.

Ní ti màmá ọkọ mi, nọ́ọ̀sì kan ládùúgbò ló bá mi bá wọn sọ̀rọ̀, wọ́n fajú ro fún bí ọjọ́ méjì. Ọjọ́ kẹta, ewúro tí wọ́n já fún àgbo, wọ́n kúkú fọ̀ ọ́, wọ́n fi se ọbẹ̀ ẹja àrọ̀. Mo lá àwo.