Bí ẹ ṣe lè ṣe eré àfetígbọ́ nípa ogun tó ń jà láti ìgbà kan sí ìgbà mìíràn, tí ò ní dàrú mọ́ olùgbọ́ lójú

Ẹ jẹ́ n bẹ̀rẹ̀ látorí ìtìjú tèmi. Eré àkọ́kọ́ tí mo ṣe, ogun ni, àwọn sójà ń fò látìgbà àwọn baba ńlá wa bọ́ sí 1,000 ọdún tó ń bọ̀, ìgbà márùn-ún ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni mo kó sínú ẹ̀, inú mi ń dùn ṣìnkìn, mo gbé e fún àbúrò mi pé kó gbọ́ ọ. Kò tíì ju bí ìṣẹ́jú mẹ́fà lọ tó fi yọ íápíìsì létí, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹni tó ń sọ̀rọ̀ yìí, ṣé ọkùnrin tó kú lẹ́ẹ̀kan yẹn ni àbí bàbá ẹ̀?" Bàbá ẹ̀ kẹ̀! Kò sí bàbá ẹnikẹ́ni nínú eré yẹn.

Ibẹ̀ lojú mi ti là. Ẹni tó ń ka ìwé lè ṣí i padà sẹ́yìn, ẹni tó ń wo fíìmù á rí i pé aṣọ ti yí padà, ṣùgbọ́n ẹni tó ń gbọ́ eré, etí nìkan ló ní o. Tí ìgbà bá ti yí, etí ẹ̀ ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ̀, kẹ́nikẹ́ni tó lanu.

Torí náà ẹ dín ìgbà kù. Mẹ́ta ti tó, méjì gan-an ò burú. Kí ìgbà kọ̀ọ̀kan ní ìró tiẹ̀ tó máa ń wà nílẹ̀ lábẹ́ ọ̀rọ̀ ní gbogbo ìgbà: ti àtijọ́ lè jẹ́ iná igi tó ń ta pàrà, kòkòrò alẹ́ àti pátákò ẹṣin, ti àárín kó jẹ́ ẹ́ńjìnnì mọ́tò pẹ̀lú fèrè pàjáwìrì lọ́ọ̀ọ́kán, ti ọjọ́ iwájú kó jẹ́ ẹ̀rọ kan tó ń kùn tí kì í sinmi. Ohun tí ò sí níbẹ̀ náà ṣe pàtàkì, ẹ má jẹ́ n gbọ́ kòkòrò kankan ní ọjọ́ iwájú yẹn, ẹ̀rù á ti bà mí kí n tó mọ ìdí ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ti tò ó tán, ẹ gbé 10 sẹ́kọ́ńdì níbẹ̀ láìsí ọ̀rọ̀ kankan, ẹ jẹ́ kí ẹlòmíì gbọ́ ọ, ẹ bi í pé ìgbà wo nìyí. Tó bá ń ronú, ẹ lọ tún un ṣe.

Ẹ tún nílò ìró kan ṣoṣo fún ìgbà tí wọ́n bá ń fò láti ìgbà kan bọ́ sí òmíì, kò gbọ́dọ̀ ju 2 tàbí 3 sẹ́kọ́ńdì lọ, ẹ má sì máa pààrọ̀ ẹ̀. Kò dìgbà tẹ́ ẹ bá ra nǹkan o. Ní 1963, Brian Hodgson ti BBC Radiophonic Workshop, ìyẹn ibi tí BBC ti ń ṣe ìró fún eré wọn nígbà yẹn, fi kọ́kọ́rọ́ ilé lásán ha okùn dùùrù àtijọ́ kan, ó tẹ̀ ẹ́ ní ibí, ó nà án ní ọ̀hún, òun náà ló di ìró ọkọ̀ tó ń rin ìrìn àjò nínú Doctor Who, eré tẹlifíṣọ̀n BBC, títí dòní. Ẹ lọ ha nǹkan nínú ilé yín, kẹ́ ẹ gbà á sílẹ̀, kẹ́ ẹ dín eré ẹ̀ kù sí ìlàjì tàbí kẹ́ ẹ dà á sẹ́yìn, ẹnu á yà yín.

Ó wá ku òfin. Kẹ́ ẹ tó kọ ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀, ẹ pinnu: tẹ́nì kan bá lọ yí àná padà, ta ló máa rántí bó ṣe rí tẹ́lẹ̀? Lójú tèmi o, kó jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo, torí pé olùgbọ́ náà rántí, á wá dà bíi pé òun àti onítọ̀hún nìkan ló kù láyé. Bí mo ṣe ń ṣe é nìyí. Nínú ìran kìíní, ìyá àti ọmọ ń sọ̀rọ̀ nínú yàrá, aago ara ògiri ń dún kó, kó, kó lẹ́yìn wọn, ẹnikẹ́ni ò dárúkọ ẹ̀. Nígbà tó yá àwọn ọ̀tá lọ da nǹkan rú ní 200 ọdún sẹ́yìn. Ẹ wá gbé ìran yẹn padà, ohùn kan náà, ọ̀rọ̀ kan náà, àmọ́ ẹ yọ aago yẹn. Kí ọmọ yẹn kàn dánu dúró:

"Màámi, kí ló dákẹ́?"

"Kí ló ń dún tẹ́lẹ̀?"

Ẹ ò ju bọ́ǹbù kankan o, àmọ́ olùgbọ́ á mọ̀ pé àwọn ti ń pàdánù nínú ogun yìí.

Ní ti ọ̀rọ̀ ẹnu, àṣìṣe tó pọ̀ jù ni kí èèyàn máa sọ ohun tójú ẹ̀ ń rí bí ẹni ń ka ìròyìn, "wo bí mo ṣe di ìbọn yìí mú bá a ṣe ń wọ inú ihò òkùnkùn yìí". Ta ló ń sọ̀rọ̀ báyẹn? "Tẹ orí ẹ ba, òkè ẹ̀ kúrú" ti tó, kí ohùn máa dún padà díẹ̀, a ti mọ̀ pé inú ihò la wà. Kí wọ́n pe orúkọ ara wọn ní ìbẹ̀rẹ̀ ìran, kí èèyàn má pọ̀ ju mẹ́rin lọ níbi kan, kí ohùn àwọn mẹ́rin yẹn má sì jọra.

Ogun fúnra ẹ̀ wá ńkọ́? Ariwo púpọ̀ kọ́ o. Ìró máa ń rin nǹkan bíi 340 mítà ní sẹ́kọ́ńdì kan, bọ́ǹbù tó bá bú ní 1 kìlómítà, ó máa tó sẹ́kọ́ńdì mẹ́ta kí ìró ẹ̀ tó débi tẹ́ ẹ wà. Ẹ jẹ́ kí sójà tó rí iná ẹ̀ pariwo "Ẹ dojú bolẹ̀!", kẹ́ ẹ ka ení, èjì, ẹ̀ta, kó tó dún. Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta yẹn ló ń pa èèyàn láyà, kì í ṣe bọ́ǹbù. Tó bá wá bú nítòsí, ẹ gé gbogbo nǹkan, ẹ fi ìró tín-ín-rín kan sílẹ̀, fííín, kí ohùn àwọn èèyàn máa padà bọ̀ bí ẹni wà lábẹ́ omi. Káróòtì tẹ́ ẹ fi táwẹ́ẹ̀lì tútù wé tẹ́ ẹ wá ṣẹ́, ìró eegun tó ń ṣẹ́ nìyẹn. Èèpo àgbọn méjì lórí ilẹ̀, ẹṣin nìyẹn.

Tẹ́ ẹ ò bá ní ọmọ ogun púpọ̀, ẹ lo ìròyìn. Ní 30 October 1938, Orson Welles àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ fi ìròyìn pàjáwìrì já orin lẹ́nu lórí rédíò CBS ní Amẹ́ríkà, nínú eré tí wọ́n ti ní àwọn ará Mars gbógun dé, àwọn kan tó ń gbọ́ ọ sì rò pé òótọ́ ni. Ohùn kan tó ń ka ìròyìn tó wá já láàárín gbólóhùn, ó ju 1,000 sójà lọ.

Gbígbà á sílẹ̀ ò le. Ẹ wọ inú wọ́dúróòbù tí aṣọ kún, máìkì kó jìnnà sí ẹnu ní 15 sí 20 sẹ̀ǹtímítà, kó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀ kí afẹ́fẹ́ tó ń jáde tẹ́ ẹ bá pe lẹ́tà b má máa bú lù ú. Ẹ gbà á sílẹ̀ ní WAV, 48 kHz, 24-bit, ìyẹn ohun tẹ́ ẹ máa yàn lórí ẹ̀rọ tẹ́ ẹ fi ń gba ohùn sílẹ̀. Kí gbogbo èèyàn dákẹ́ fún 30 sẹ́kọ́ńdì kẹ́ ẹ gba dídákẹ́ yàrá yẹn náà sílẹ̀, ẹ máa nílò ẹ̀ láti fi dí àlàfo. Ẹni tó wà lókèèrè nínú eré, kó sún sẹ́yìn kó kọ ẹ̀yìn sí máìkì, ẹ má kàn fa ohùn ẹ̀ wálẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà. Gbogbo ibi tí wọ́n ti ń pariwo, ẹ fi í sẹ́yìn pátápátá o, èmi fi tèmi ṣáájú nígbà kan, kó tó di ọ̀sán ẹni tó ń ṣe ọ̀gágun ò lóhùn mọ́, ó wá ń pàṣẹ ogun bí ẹni ń sọ àṣírí.

Tẹ́ ẹ bá ń tò ó, Audacity ti tó, ìyẹn ètò orí kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń gé ìró tí wọ́n sì fi ń tò ó, ọ̀fẹ́ ni. Ọ̀rọ̀ ẹnu kọ́kọ́, ìró ìgbà tẹ̀ lé e, orin kẹ́yìn, kí gbogbo ẹ̀ wà ní bíi -16 LUFS, ìyẹn òṣùwọ̀n bí ìró ṣe ń dún sókè tó. Kẹ́ ẹ tó gbé e jáde, ẹ fi fóònù lásán gbọ́ ọ láìlo íápíìsì, torí ìró ẹ̀rọ tó ń kùn nísàlẹ̀ yẹn, fóònù kékeré kì í gbé e jáde, ọjọ́ iwájú yín á kàn pòórá. Ẹ fi ìró ẹ̀rọ míì tó ga díẹ̀ lé e lórí.